Òkú Tó Ń Sáré: Báwo La Ṣe Ń Dájọ́ Ìdíwọ́ Nínú Double Play Softball?

Gbogbo ẹni tó bá ti fo súwé rí ló mọ gbólóhùn yìí: "O ti kú!" Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti kan ìlà, o ti kú nìyẹn. Wàá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹlòmíràn á gba ipò rẹ, ọ̀rọ̀ parí. Nínú softball, ọ̀rọ̀ kì í sábà parí bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè kú, kó ṣì máa sáré bọ̀ lójú ọ̀nà, kó sì ba eré jẹ́ fún àwọn tó ṣì wà láàyè. Ìgbà wo ni ká dá irú òkú bẹ́ẹ̀ lẹ́bi? Ìgbà wo ni ká sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́? Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn. Ẹ ó sì rí i pé ìṣirò kékeré, pẹ̀lú ìmọ̀ nípa bí ojú àti ọpọlọ wa ṣe ń ṣiṣẹ́, lè ràn wá lọ́wọ́ ju ariwo lọ.

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré yìí, èmi náà ni mo sì sábà máa ń ṣe ọ́ńpáyà, ìyẹn rẹfirí wọn. Kò sí ìdájọ́ tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ bí èyí. Ẹgbẹ́ kan á pariwo pé, "Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni!" Èkejì á dáhùn pé, "Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ṣé kó pòórá ni?" Ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́.

Eré náà ní ṣókí

Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá softball sílẹ̀ lọ́dún 1887. George Hancock ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi kan. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń ja ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n so pọ̀ ṣe bọ́ọ̀lù, ọwọ́ ìgbálẹ̀ gígùn ni wọ́n fi ṣe igi. Ọmọ ìyá baseball ni, àmọ́ pápá rẹ̀ kéré sí ti baseball. Nínú softball àwọn obìnrin, bésì kan sí èkejì jẹ́ mítà 18.29. Ti baseball àwọn àgbà jẹ́ mítà 27.43. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú dúró ní nǹkan bíi mítà 13 sí i. Àjọ tó ń bójú tó eré méjèèjì lágbàáyé báyìí ni WBSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2013.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ súwé sọ ọ́. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ sáré dé bésì kìíní kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀. Tó bá ṣáájú bọ́ọ̀lù dé, ó yè. Tí bọ́ọ̀lù bá ṣáájú rẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tó fẹsẹ̀ tẹ bésì, ó kú. Tí mẹ́ta bá ti kú, ẹgbẹ́ yẹn á kúrò nídìí igi, àwọn yòókù á wá gbá tiwọn.

Ẹ wá wò ó: ká ní ẹnì kan ti wà ní bésì kìíní tẹ́lẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀ ní bésì kìíní náà. Èèyàn méjì ò lè jókòó lórí bésì kan, nítorí náà tipátipá ni ẹni àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ kúrò, kó forí lé bésì kejì. Àwọn tó ń ṣọ́ pápá á gbé bọ́ọ̀lù, wọ́n á jù ú sí bésì kejì: ẹnì kan kú. Ẹni tó gbà á níbẹ̀ á yí padà, á jù ú sí bésì kìíní: ẹnì kejì kú. Èyí ni wọ́n ń pè ní double play. Lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn méjì nínú mẹ́ta ti lọ.

Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Nínú àṣekágbá softball Òlíńpíìkì Tokyo, tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 2021, Japan fi àmì 2 sí 0 borí Amẹ́ríkà. Ní ìpele kẹfà, àwọn Amẹ́ríkà ti ní èèyàn lórí bésì, bọ́ọ̀lù líle kan sì ba ẹni tó ń ṣọ́ bésì kẹta lọ́wọ́, ó ta. Kó tó kanlẹ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti hán an, ó sì ti jù ú sí bésì kejì. Èèyàn méjì kú lójú ẹsẹ̀, ìrètí Amẹ́ríkà sì rẹ̀ wálẹ̀. Ohun tí double play lè ṣe nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń sáré bọ̀ ní bésì kejì fi máa ń fẹ́ bà á jẹ́.

Ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Nọ́ńbà àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ lò, irú èyí tí ẹ lè rí láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ti mọ eré náà díẹ̀.

Ká ní ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ń lo ìṣẹ́jú àáyá 3.2 kó tó dé bésì kìíní. Bọ́ọ̀lù yí nílẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dúró láàárín bésì kejì sí ìkẹta: ìṣẹ́jú àáyá 1.0. Ó gbé e, ó jù ú: 0.5. Bọ́ọ̀lù fò dé bésì kejì: 0.4. Ẹni tó gbà á yí ara padà, ó jù ú: 0.4. Bọ́ọ̀lù fò láti bésì kejì dé ìkìíní: mítà 18.3 ni, tí eré rẹ̀ bá jẹ́ mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó máa gba 0.8. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 3.1.

Ẹni tó ń sáré lo 3.2, bọ́ọ̀lù lo 3.1. Ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo ló wà láàárín ìyè àti ikú. Ẹ̀yin náà ẹ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan: ó gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kò dìgbà tí asáré bá gbá ẹnì kan lulẹ̀ kó tó ba double play jẹ́. Tó bá gbé ọwọ́ sókè tí ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù fi ṣe tìkọ̀ díẹ̀, ó ti parí.

Ẹ tún kíyè sí nǹkan kan. Ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà láti bésì kejì lọ sí ìkìíní, òun gan-an ni ọ̀nà tí asáré ń gbà bọ̀ láti bésì kìíní sí ìkejì. Ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ti ń pàdé. Kò sí bí ọ̀rọ̀ ò ṣe ní wáyé.

Ohun tí ara lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ibí ni físíìsì ti wúlò jù. Tí ojú wa bá rí nǹkan, ó máa ń gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 0.2 sí 0.25 kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ojú á rí i, ọpọlọ á gbà á, àṣẹ á lọ sí iṣan. Kò sí ìdárayá tó lè mú un di òdo.

Ká ní asáré wa ń sáré mítà 6.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bọ́ọ̀lù wọ ọwọ́ ẹni tó wà ní bésì kejì: asáré ti kú. Níbo ló wà nígbà tó kú? Gbogbo ẹjọ́ náà wà nínú ìbéèrè yìí.

Àkọ́kọ́, ká ní ó ku mítà 5 kó dé bésì. Láàárín 0.4 tí ẹni tó gba bọ́ọ̀lù fi ń yí padà, asáré ti rin mítà 2.6 sí i. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kúrò lọ́wọ́, mítà 2.4 péré ló wà láàárín wọn. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀, òun náà ń lọ pàdé rẹ̀. Kò ní tó ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n á fi pàdé. Bí bọ́ọ̀lù yẹn bá bà á ní èjìká, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ara rẹ̀ ò tíì gbọ́ pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀.

Èkejì, ká ní ó ku mítà 12 nígbà tó kú. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kúrò lọ́wọ́, mítà 9.4 ṣì wà láàárín wọn, bọ́ọ̀lù á sì gba nǹkan bíi 0.33 kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá ro 0.4 ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn, ó ní 0.73 lápapọ̀. Ẹ yọ 0.25 tí ara fi ń jí kúrò. Ó ku nǹkan bíi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tó fi lè tẹrí ba, tàbí kó yọ̀ sílẹ̀, tàbí kó yà díẹ̀.

Ṣé ó lè dúró ṣinṣin? Ìyẹn ṣòro ju bí àwọn òǹwòran ṣe rò lọ. Tó bá lè dín eré rẹ̀ kù ní mítà 4 fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó máa rin mítà 1.6 kí ara tó jí, á tún rin nǹkan bíi mítà 5.3 kó tó dúró. Mítà 7 nìyẹn. Tó bá kú ní mítà 3 sí bésì, bó bá wù ú kó dúró tó, ara á gbé e kọjá.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kò sí mítà 7 nínú ìwé òfin kankan. Ìṣirò àpẹẹrẹ ni. Àmọ́ ó ń kọ́ wa ní nǹkan kan: ká tó béèrè pé kí ló wà lọ́kàn asáré, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè pé kí ni ara rẹ̀ ṣì lágbára láti ṣe.

Ọ̀ràn mẹ́ta láti ilé baseball

Ìtàn bí òfin yìí ṣe dàgbà wà nínú baseball ju softball lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká yà síbẹ̀.

Oṣù kẹrin ọdún 1957. Don Hoak ti ẹgbẹ́ Cincinnati ń sáré kúrò ní bésì kejì. Bọ́ọ̀lù kan ń yí bọ̀ ní ilẹ̀ tó máa fa double play dájúdájú. Hoak dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù, ó sì jù ú fún ọ̀tá rẹ̀! Ẹ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọlọ́gbọ́n ni. Òfin ìgbà náà sọ pé asáré tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá bá kàn ló máa kú, òun nìkan. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù yè. Hoak fi ikú ẹnì kan ra ìyè ẹnì kan. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi tún òfin ṣe: ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba double play jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun àti ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ló máa kú.

Ẹ rí ìdí tí ìjìyà fi gbọ́dọ̀ kan ẹlòmíràn? Ẹni tó ti kú ò ní nǹkan kan láti pàdánù mọ́. Kí lẹ fẹ́ fi dẹ́rù ba òkú? Àfi kẹ́ ẹ sọ fún un pé, "Tí o bá dí wọn lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ rẹ náà á bá ọ lọ."

Oṣù kẹwàá ọdún 1978, nínú ìdíje World Series, Reggie Jackson ti Yankees wà láàárín bésì kìíní sí ìkejì. Bill Russell ti Dodgers tẹ bésì kejì, Jackson kú. Russell ju bọ́ọ̀lù sí bésì kìíní, ó ba Jackson ní ìbàdí, ó yà lọ. Ẹnì kan sì sáré wọlé. Àwọn Dodgers pariwo pé ó ti ìbàdí rẹ̀ síta láti gba bọ́ọ̀lù. Àwọn ọ́ńpáyà ò gbà. Yankees borí pẹ̀lú 4 sí 3 lọ́jọ́ yẹn. Títí di òní, àwọn èèyàn ṣì ń wo fídíò náà, wọ́n ṣì ń jà lé e lórí. Kí nìdí? Nítorí pé òfin baseball sọ pé asáré gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ dí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù lọ́wọ́. Ta ló fẹ́ ṣí ọkàn Jackson wò?

Oṣù kẹwàá ọdún 2015, Chase Utley ti Dodgers yọ̀ wọ bésì kejì. Ó pẹ́ kó tó balẹ̀, ara Ruben Tejada ti Mets ló sì lọ bá. Egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún Tejada ṣẹ́. Kò sí ìdíwọ́ kankan tí wọ́n pè. Kódà, nígbà tí wọ́n wo fídíò, wọ́n ní Utley yè torí pé Tejada ò fẹsẹ̀ kan bésì. Lọ́dún 2016 ni wọ́n gbé òfin tuntun jáde. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́: asáré gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ kó tó dé bésì, ó gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan bésì, kó sì gbìyànjú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti dúró lórí bésì náà, kò sì gbọ́dọ̀ yí ọ̀nà rẹ̀ padà láti lọ kọlu ẹni tó ń ṣọ́ bésì.

Ẹ rí i? Nǹkan mẹ́rin, gbogbo wọn ni ojú lè rí. Wọn ò ní kí ọ́ńpáyà wo ọkàn mọ́, wọ́n ní kó wo ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ọ̀nà. Softball náà ń tọ ọ̀nà yìí. Ìdíwọ́ nínú softball ni ohunkóhun tí ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù bá ṣe tó dí ẹni tó ń ṣọ́ pápá lọ́wọ́, tàbí tó da ojú rẹ̀ rú, nígbà tó ń gbìyànjú láti pa ẹnì kan. Ìṣe ni wọ́n ń wò.

Ẹ jọ̀ọ́, egungun Tejada kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ọmọ tó wúwo kílò 60, tó ń sáré mítà 6.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ní agbára tó tó ìlọ́po mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti bọ́ọ̀lù softball tí wọ́n fi eré mítà 22 jù. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹni tó ń yí padà fi dúró ní àkókò yẹn. Ọ́ńpáyà tó bá ń fojú fo ìdíwọ́ lónìí, ó lè jẹ́ òun ni yóò pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn lọ́la.

Níbo ni ojú ọ́ńpáyà wà?

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí ò wúlò tí ọ́ńpáyà ò bá rí i. Òun gan-an sì lohun tó ń ṣẹlẹ̀ jù lọ. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti kú ní bésì kejì báyìí, ojú gbogbo wa á sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù lọ sí bésì kìíní. Ìgbà yẹn ni asáré wọ ẹsẹ̀ ẹni tó ju bọ́ọ̀lù.

Ẹ dán èyí wò nílé. Ẹ dúró síwájú dígí. Ẹ wo ojú yín ọ̀tún, lẹ́yìn náà ẹ wo ti òsì, ẹ máa ṣe é lọ ṣe é bọ̀. Ṣé ẹ rí i tí ẹyinjú yín ń yí? Ẹ ò ní rí i. Ẹ wá ní kí ọ̀rẹ́ yín ṣe é níwájú yín: ẹ máa rí tirẹ̀ kedere. Ìdí ni pé nígbà tí ojú bá ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn, ọpọlọ máa ń dín ohun tó ń rí kù gan-an kí ayé má bàa máa yí wa lójú. Ìfò ojú yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní saccade. Èèyàn ò mọ̀ pé ohun kan fo òun, torí pé ọpọlọ á di àlàfo náà.

Nítorí náà, ọ́ńpáyà tó bá yí ojú kúrò ní bésì kejì kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ lè búra pé òun rí gbogbo rẹ̀, kó má sì rí i. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ọ́ńpáyà ni pé: ẹ má yí ojú títí bọ́ọ̀lù á fi kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń jù ú. Ẹ ṣì ní àyè. Bọ́ọ̀lù á lo 0.8 lójú ọ̀nà, ó sì tó fún orí láti yí. Tí ọ́ńpáyà bá jẹ́ méjì, kí ẹni tó wà lẹ́yìn ilé máa ṣọ́ ẹsẹ̀ asáré lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá ti lọ.

Ní ti bésì kìíní, ẹ wo ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ fetí gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù nínú ìbọ̀wọ́. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ bá dúró ní mítà 10, ìró náà á pẹ́ ní 0.03 kó tó dé etí yín. Ó kéré, àmọ́ nínú eré tí 0.1 ti ń ya ìyè sọ́tọ̀ kúrò nínú ikú, kó yé yín.

Ìbéèrè mẹ́rin

Èyí ni mo máa ń ní kí wọ́n bi ara wọn, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé:

1. Ṣé ìrètí ṣì wà láti pa ẹlòmíràn? Tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù bá ti dé bésì kìíní tipẹ́, kò sí double play tí ẹnikẹ́ni lè bà jẹ́.

2. Kí ni asáré ṣe? Kì í ṣe kí ló rò. Ṣé ó gbé ọwọ́ sókè? Ṣé ó yà kúrò lójú ọ̀nà lọ bá ẹni tó ń jù ú? Ṣé ó yọ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò ti lè kan bésì? Ṣé ó dúró láti dí ojú ẹni náà?

3. Ṣé àyè wà fún un láti ṣe nǹkan mìíràn? Mítà mélòó, ìṣẹ́jú àáyá mélòó?

4. Ṣé ohun tó ṣe ló dí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, àbí ọwọ́ onítọ̀hún ló kàn ṣì í?

Tí ìdáhùn bá jẹ́ pé ìdíwọ́ ni, ẹ kígbe pé bọ́ọ̀lù ti kú lójú ẹsẹ̀. Asáré tó dí wọn lọ́wọ́ kú, tí kò bá tíì kú tẹ́lẹ̀. Nínú softball, ẹni tó sún mọ́ ilé jù lọ nínú àwọn tó kù náà á kú pẹ̀lú rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ń sáré bọ̀ wálé láti bésì kẹta, òun ni o, kì í ṣe ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn yòókù á padà sí bésì tí wọ́n fẹsẹ̀ kàn kẹ́yìn kí ìdíwọ́ tó wáyé. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé òfin tí ìdíje yín ń lò, torí ọ̀rọ̀ inú wọn ò bára mu délẹ̀délẹ̀.

Ẹ dájọ́ fúnra yín

Asáré kú nígbà tó ku mítà 3. Kò gbé ọwọ́, kò yà. Bọ́ọ̀lù bà á láyà. Ẹ jẹ́ kí eré máa lọ. Kò sí ohun tó ṣe ju pé ó ń sáré lọ.

Asáré kú ní mítà 6, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń kí Ògògà. Bọ́ọ̀lù bà á lọ́wọ́. Ìdíwọ́ ni. Kò sí ẹni tó nílò ọwọ́ lókè orí láti fi sáré.

Asáré yọ̀ wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bésì, ó dúró lórí rẹ̀, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sì kọsẹ̀ lára rẹ̀. Eré ń lọ. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí bésì náà.

Asáré kú ní mítà 12, ó rí gbogbo rẹ̀, ó nàró gbọn-in títí bọ́ọ̀lù fi bà á lórí. Èyí ni ogun gidi. Àwọn kan á ní sísáré nìkan kì í ṣe ìṣe ìdíwọ́. Àwọn kan á ní ó ní àyè, ó yàn láti di ògiri. Èmi á wo bóyá ó yí ara tàbí ojú ọ̀nà rẹ̀ lọ́nàkọnà sí ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà. Tó bá yí i, ó kú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà kú. Tí kò bá yí i rárá, mi ò ní pè é. Àmọ́ mo máa fa balógun ẹgbẹ́ rẹ̀ létí, torí orí èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń fi dí bọ́ọ̀lù.

Ilẹ̀ tiwa

Mo ní láti sọ èyí fún àwọn ará gúúsù Èkìtì. Fídíò tí ẹ ń wò láti Amẹ́ríkà àti Japan, orí ilẹ̀ rírọ̀ tí wọ́n tún ṣe ni wọ́n ti ń yọ̀. Ọ̀pọ̀ pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa jẹ́ ilẹ̀ pupa tó gan, yangí sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá yọ̀ níbẹ̀ á fi awọ itan sílẹ̀. Nítorí náà, àwọn ọmọ wa kì í yọ̀, ìnàró ni wọ́n fi ń wọ bésì. Òfin softball ò sì fi dandan lé e pé kí wọ́n yọ̀.

Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Ó túmọ̀ sí pé òkú tó nàró pọ̀ lójú ọ̀nà lọ́dọ̀ wa ju ti àwọn tó wà nínú fídíò lọ. Bí ọ́ńpáyà bá fi ojú Amẹ́ríkà dájọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, tó ń sọ pé gbogbo ẹni tó nàró ló mọ̀ọ́mọ̀, á fìyà jẹ ọmọ tó ń dáàbò bo awọ ara rẹ̀. Tí kò bá sì pe nǹkan kan, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn asáré mi rọrùn: gbàrà tó o bá ti gbọ́ pé o ti kú, tí àyè bá wà, yà sí apá ọ̀tún, síta pápá, kí o sì tẹrí ba. Àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù ní bésì kejì náà, mo ń kọ́ wọn láti gbé ẹsẹ̀ kan kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n tó jù ú.

Tí ẹ bá ní fóònù tó ń ya fídíò ní àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ti ní ilé ìwádìí nìyẹn. Àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi 0.004 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ fi okùn wọn mítà 18.29, ẹ fi ẹfun sàmì sí ìlà ní mítà 3, 5, 7 àti 12 sí bésì kejì. Ẹ ya double play mẹ́wàá, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù rírọ̀ o. Ẹ wo ìlà tí asáré wà nígbà tó kú, kí ẹ ka iye àwòrán tó wà láàárín ìgbà yẹn àti ìgbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹnì kan dájọ́ láì wo fídíò, kí ẹlòmíràn dájọ́ lẹ́yìn tó wò ó. Ẹ fi àwọn ìdájọ́ méjèèjì wéra.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà èèyàn. Nínú double play, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ní ẹjọ́ tirẹ̀, ara asáré náà sì ní tirẹ̀. Àwọn ìlà ẹfun yẹn ló máa jẹ́ ká gbọ́ ti ẹnì kejì.